Ta Ni Ó Ní Ọlọ́run Ló Ń Gba "A"?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kan gbogbo ilé. Kò sí ilé tí ọmọ wà tí ìdánwò kò wọ̀ rí, kò sì sí òbí tí àyà rẹ̀ kò já rí ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí ìsìn ti parí tí àwọn ènìyàn ti túká, bàbá kan nínú ìjọ wa ní agbègbè Okitipupa níbí mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa. Àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni bàbá yìí. Owó epo pupa ló fi ń tọ́ ọmọ náà ní yunifásítì kan tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó ní kí a bá òun gba àdúrà ìdáǹdè. Kí ló dé? Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ òun ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ti gbòdo. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, a ti mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni."

Ẹnu yà wá. Ìyá àgbà tí ó ń sọ yìí ti lé ní 80 ọdún. Ó ń gbé ní abúlé kan ní ọ̀nà Ìgbòtakò, pupuru ló sì ń ṣe tà títí agbára fi tán lára rẹ̀. Ọdún méjì ni ọmọ náà kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá fi pupuru àti ẹja ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gbé e dà sí ẹ̀yìnkùlé.

A yíjú sí ọmọ náà. A ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ jókòó ṣe ìdánwò yẹn?"

Ó ní, "A tó 140, sà."

"Ẹni mélòó ló yege?"

"Mọ́kànlá, sà."

A wo bàbá lójú. A ní, "Bàbá, ṣé ìyá yín náà ló jẹ àwọn 129 yòókù?"

Bàbá kò fèsì. Ọmọ ló wá sọ fún wa pé láti ọjọ́ kìíní tí olùkọ́ àwọn ti wọ kíláàsì ló ti sọ fún wọn pé "A" jẹ́ ti Ọlọ́run, "B" jẹ́ ti òun olùkọ́, "C" ni ti ẹni tó bá mọ̀wé jù nínú wọn, kí àwọn tó kù máa pín èyí tó bá ṣẹ́kù. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ kan ṣoṣo tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọjá ní Nàìjíríà yóò ti gbọ́ ọ rí. Àwàdà àwọn olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ Ọlọ́run sí i, àwa tí a jẹ́ ìránṣẹ́ Rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ta ni ó ní Ọlọ́run ló ń gba "A"? Ìgbà wo ni Ó jókòó ṣe ìdánwò? Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ẹ ó rí i pé Ọlọ́run ni Ẹni àkọ́kọ́ tí ó wo iṣẹ́, tí ó sì máàkì rẹ̀. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí Ó wo iṣẹ́ Rẹ̀, Ó ní ó dára. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ènìyàn ti wà lára iṣẹ́ náà, Ó ní ó dára gidigidi. Ọlọ́run wa kì í di máàkì mọ́wọ́.

ÒṢÙWỌ̀N NI ÌDÁNWÒ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni ìdánwò wà fún? Òṣùwọ̀n ni. Gẹ́gẹ́ bí kọ́ńgò ti rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gààrí ní ọjà Okitipupa, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò rí lọ́wọ́ olùkọ́. A fẹ́ fi mọ bí ohun tó wà nínú ọmọ ṣe pọ̀ tó.

Ká ní ẹnì kan wá gbé àgbá ńlá kan kalẹ̀ ní ojúde ọjà, tí ó ní kí olúkúlùkù obìnrin tó bá gbé epo wá tà kún àgbá náà dé ẹnu kí òun tó gbà pé ó mú epo wá. Ẹni tó gbé ìgò kan wá da tirẹ̀ sí i: kò kún. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wá da tirẹ̀ sí i: kò kún. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ló gba òdo. Ṣé ọkùnrin yìí ti mọ ẹni tí epo rẹ̀ pọ̀ jù? Kò mọ̀. Ó kàn mọ̀ pé àgbá òun tóbi ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tó ń fi bí ìdánwò àwọn ṣe le yangàn, bí àgbá wọn ṣe tóbi ni wọ́n ń sọ fún wa.

Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn yege kò sọ nǹkan kan fún wa. Èyí tí gbogbo ènìyàn gbòdo náà kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ìbéèrè tó rọrùn ṣáájú, kí ẹni tó wá sí kíláàsì lè rí nǹkan kọ. Á fi èyí tó le díẹ̀ tẹ̀lé e fún ẹni tó jókòó kàwé. Á wá fi ọ̀kan tàbí méjì tó le gan-an kún un fún ẹni tí òye rẹ̀ jinlẹ̀. Báyìí la ṣe ń ya irúgbìn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí 129 bá ṣubú nínú 140, a kò gbọdọ̀ máa wo àwọn ọmọ nìkan. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ kò kọ́ wọn dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí kò kọ́ wọn ló bi wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ni ti ìyá àgbà?

A kò sọ pé àwọn ọmọ kò ní ẹ̀bi. A mọ àwọn tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀ títí di òru, tí wọ́n á wá máa pe Orúkọ Jésù ní ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó ká ohun tó gbìn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé tí a kò jẹ́ kí wọ́n yege là ń sọ.

ÀLỌ́ SÁMÚSÓNÌ

Nígbà tí a wà ní kékeré ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí àwọn ìyá wa bá pa àlọ́ àpamọ̀ fún wa lábẹ́ òṣùpá, kò sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú wa ti rí. Bí kì í bá ṣe ẹyin, á jẹ́ àgbàdo. Bí kì í bá ṣe ahọ́n, á jẹ́ ìràwọ̀. Àlọ́ le, ṣùgbọ́n ìdáhùn wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń gbọ́n nídìí àlọ́.

Ẹ wá wo àlọ́ tí Sámúsónì pa nínú Ìwé Àwọn Onídájọ́ orí 14. Ó ti pa kìnnìún kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó padà kọjá níbẹ̀, oyin ti ń gbé nínú òkú rẹ̀. Ó jẹ nínú afárá oyin náà, kò sì sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ibi tó ti rí i. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi ọ̀rọ̀ náà pa àlọ́ fún 30 ọ̀dọ́mọkùnrin níbi àsè ìgbéyàwó rẹ̀. Ó fún wọn ní ọjọ́ méje, ó sì fi aṣọ 30 lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọn ì bá ti kọ́ ìdáhùn rẹ̀? Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí ni àwọn ọmọkùnrin náà ṣe? Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lónìí náà ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọgbọ́n kò lè dé ibẹ̀, wọ́n wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n lọ bá ìyàwó Sámúsónì, wọ́n ní àwọn yóò dáná sun òun àti ilé bàbá rẹ̀ bí kò bá tú àṣírí fún àwọn. Obìnrin náà sunkún títí ọkọ rẹ̀ fi sọ fún un, ó sì lọ sọ fún wọn. Bí ẹ̀kìspó ṣe wọ inú Bíbélì nìyẹn! Kí ni òpin rẹ̀? Sámúsónì lọ pa 30 ènìyàn ní Áṣíkélónì láti fi aṣọ wọn san gbèsè àlọ́. Ìgbéyàwó náà sì tú ká.

A kò sọ ìtàn yìí láti dá ẹ̀kìspó láre. Olè ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbogbo ilẹ̀kùn iwájú pa kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí àwọn ènìyàn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ọdún 1977, tí ìbéèrè WAEC jò káàkiri ilẹ̀ yìí, la ti ń bá àrùn yìí jà. Ìjọba ológun gbé òfin jáde ní 1984 pé ẹni tó bá jí ìwé ìdánwò lè lọ sí ẹ̀wọ̀n 21 ọdún. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1999. Ẹ̀wọ̀n wà, síbẹ̀ "míràkù sẹ́ńtà" kò tán. Òfin nìkan kò lè wo ohun tí ìbẹ̀rù bá dá sílẹ̀.

ỌBA KAN, ÌDÁNWÒ MÉJÌ

Nínú Ìwé Dáníẹ́lì, ọba Nebukadinésárì ṣe ìdánwò méjì. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Ti àkọ́kọ́ wà ní orí kìíní. Ọba yan àwọn ọmọ, ó fún wọn ní olùkọ́, ó fún wọn ní oúnjẹ, ó sì fún wọn ní ọdún mẹ́ta láti kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ó pè wọ́n, ó sì bi wọ́n léèrè nípa ohun tí wọ́n kọ́. Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju gbogbo àwọn amòye ilẹ̀ náà. Ẹ ò rí nǹkan? Ọba kèfèrí pàápàá fún ènìyàn ní "A", kò ní ti òrìṣà òun ni.

Ti èkejì wà ní orí kejì. Ọba kan náà lá àlá. Ó pe àwọn amòye, ó ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ọba rọ́ àlá náà. Ó ní rárá, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ àlá tí mo lá fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ó gé yín wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn amòye sọ òtítọ́ fún un pé kò sí ẹnì kan lórí ilẹ̀ ayé tó lè ṣe é, kò sì sí ọba kan tó tíì béèrè irú rẹ̀ rí. Lóòótọ́, Ọlọ́run gba Dáníẹ́lì là. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Dáníẹ́lì kọ́kọ́ béèrè: àkókò ló béèrè.

Gbogbo olùkọ́ ló ní ọba méjèèjì nínú ara rẹ̀: ọba orí kìíní tó ń bi ọmọ ní ohun tó kọ́ ọ, àti ọba orí kejì tó ń bi ọmọ ní àlá tí òun nìkan lá.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍ 2025

Ẹ jẹ́ kí a ka òkè tí ọmọ Nàìjíríà kan ń gùn kí ó tó wọ yunifásítì. Ó gbọ́dọ̀ yege ní WAEC tàbí NECO. Lẹ́yìn náà ni JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Láti 2005, àwọn yunifásítì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn JAMB. Ìdánwò JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyọkà tí ọmọ gbọ́dọ̀ kà àti ìṣirò tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Ọmọ abúlé tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò ti lo tirẹ̀ nídìí wíwá ibi tí wọn ń tẹ̀.

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, èsì JAMB jáde. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 ọmọ tó ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò dé 200 nínú 400. Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ òde òní kì í kàwé mọ́, TikTok ló gba ọpọlọ wọn. Àwọn òbí na ọmọ, wọ́n bú ọmọ, òmíràn kò bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé tó jẹ́ olórí àjọ náà jáde sí gbangba, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà. Àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ètò kọ̀ǹpútà ni wọn kò ṣe ní ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló kàn. Àgbàlagbà náà sunkún lójú gbogbo ayé, wọ́n sì pe àwọn ọmọ padà wá ṣe òmíràn.

A kò fi ẹkún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó lè jẹ́wọ́ àṣìṣe ní gbangba ní ilẹ̀ yìí, a gbọ́dọ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti pè ní olódo láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn? Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì sì ti gbé dé etí kòtò ńkọ́?

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ó tún kan WAEC. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, wọ́n kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kí a dákẹ́ ná: láti dènà jìbìtì, wọ́n ti to ìbéèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà nínú iṣẹ́ mẹ́rin, ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì àwọn kan kì í sì í ṣe tiwọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 38.32 di 62.96. Àwọn ọmọ kan náà ni. Ìwé kan náà ni wọ́n kọ. Láti alẹ́ dé òwúrọ̀, olódo di ọlọ́gbọ́n.

Àwọn ọmọ kan nínú wọn tilẹ̀ ti fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ìwé Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kárùn-ún, nítorí ìwé ìbéèrè kò tètè dé. Àjọ náà ní àwọn ń sá fún jíjò ìbéèrè ni. Ẹ wò ó: nítorí àtidènà olè, a to ìbéèrè títí kọ̀ǹpútà fi ṣìnà, a sì dá ìwé dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tí kò jalè ló jìyà rẹ̀.

KÌ Í ṢE ILẸ̀ WA NÌKAN

Ní Gúúsù Kòríà, ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kọkànlá ni àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò yunifásítì. Bí ó bá di àkókò tí wọn ń tẹ́tí sí Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfuurufú kan kò gbọdọ̀ gbéra tàbí balẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, kí ariwo má ba à dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà máa ń fi ìbéèrè kan sí i tí àwọn ènìyàn sọ ní ìbéèrè apààyàn, nítorí kò sí nínú ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń kọ́ni. Àwọn tó bá lówó láti san fún lẹ́sìnnì àdáni ló ń rí i dáhùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ náà ní kí wọ́n yọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, ìdánwò láti di òṣìṣẹ́ ọba wà fún nǹkan bí 1,300 ọdún kí wọ́n tó fòpin sí i ní 1905. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hong Xiuquan ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbòdo lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọpọlọ rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dùbúlẹ̀, ó sì ń rí ìran. Nígbà tó yá, ó ní àbúrò Jésù Kristi ni òun. Ó kó ogun jọ, ogun náà jà láti 1850 dé 1864, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀mí ló sì bá a lọ. A kò sọ pé ìdánwò nìkan ló fa ogun náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọkàn ọmọ tí ẹ ń fi òdo lù léraléra. Ẹ kò mọ ohun tí yóò bá jí.

Ẹ̀BI TIWA NÁÀ

Ẹni tó ń nawọ́ sí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wo ìka tó kọjú sí òun alára. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wa ní èdè Gíríìkì. Àwa 26 la ṣe ìdánwò rẹ̀. Mẹ́ta péré ló yege, àwa kò sí nínú wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ojú òun náà rí màbo. A sunkún, a tún un ṣe, a sì búra pé a kò ní ṣe irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí a di alábòójútó ìjọ. A bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrìbọmi. Kí ni a ṣe? A gbé ìdánwò kalẹ̀. A ní kí àwọn ènìyàn dárúkọ ẹ̀yà Ísírẹ́lì méjèèjìlá, kí wọ́n sì to àwọn ọba Júdà tẹ̀léra. Obìnrin kan wà nínú wọn tí kò mọ̀wé, tí ó ń ta pupuru ní ọjà. Ó fẹ́ràn Olúwa, ẹ̀rí ìgbàlà rẹ̀ hàn kedere sí gbogbo ọjà. Kò lè ka ọba Júdà mẹ́ta. A ní kí ó padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Kò padà wá fún ọdún méjì. Nígbà tí a lọ wá a kàn, ó ní, "Pásítọ̀, mo rò pé Jésù kò gba ẹni tí kò mọ̀wé ni."

Ará, ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn ju òdo Gíríìkì lọ. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 8, nígbà tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà béèrè ìrìbọmi lọ́wọ́ Fílípì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni bí ó bá gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. A bẹ obìnrin náà, a ya ìdánwò wa, a sì rì í bọmi. Ohun tí wọ́n fi nà wá la fi ń na ẹlòmíràn. Báyìí ni ìdánwò líle ṣe ń bí ọmọ.

Ẹ̀bi wa kejì rèé: àwa náà ti da òróró sórí bírò rí ní ọjọ́ tí JAMB ku ọ̀la. Àdúrà dára, a kò sì ní dá a dúró. Ó lè mú ìbẹ̀rù kúrò, kí ọmọ lè rántí ohun tí ó kà. Ṣùgbọ́n òróró kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò tí olùkọ́ kò kọ́ ọ. Nígbà tí a bá sì sọ gbogbo òdo di iṣẹ́ àjẹ́, a ń bo olùkọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, a sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ lé ìyá arúgbó lórí.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàárín wa: ẹ bi ọmọ ní ohun tí ẹ kọ́ ọ. Kí ẹ tó pín ìbéèrè, ẹ jókòó dáhùn rẹ̀ fúnra yín pẹ̀lú aago níwájú. Bí ó bá gbà yín ní gbogbo wákàtí náà, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, báwo ni ọmọ yóò ti ṣe é? Bí kíláàsì bá ṣubú pọ̀, ẹ kà á sí èsì tiyín. Òwe 11:1 sọ ojú tí Olúwa fi ń wo òṣùwọ̀n èké, a kò sì rò pé ti gààrí nìkan ni.

Ẹ̀yin òbí: bí ọmọ bá mú òdo wá sílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ẹni mélòó ló ṣe é, ẹni mélòó ló yege. Ẹ wo bí ó ṣe ń kàwé. Bí àyè àtúnyẹ̀wò bá wà, ẹ gbà á. Ẹ rántí pé JAMB kì í ṣe ìdánwò tí 200 jẹ́ ìlà ikú àti ìyè. Ní 2025, 150 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò sí fún yunifásítì, 100 sì ni fún póli àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ẹ má pe ọmọ ní olódo, nítorí orúkọ a máa ro ọmọ. Bí ẹ bá rí i pé ó dákẹ́ jù lẹ́yìn èsì, tí kò jẹun, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ọdún mìíràn ń bọ̀ fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lọ kì í padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ kàwé. Ẹ má ra ìbéèrè, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ di dókítà, ara ìyá yín ni yóò ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí a rán yín létí ohun kan. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni a ń pe èyí tí WAEC ń ṣe àti èyí tí ó ń bá onígbàgbọ́ lójú ọ̀nà ayé: ìdánwò. Nínú 1 Kọ́ríńtì 10:13, Pọ́ọ̀lù fi yé wa pé olóòótọ́ ni Ọlọ́run. Kì í jẹ́ kí èyí tó ju agbára wa lọ dé bá wa, Ó sì máa ń pèsè ọ̀nà àbáyọ sí i. Èyí ni ìlànà Olùkọ́ Àgbà. Ìdánwò tí kò ní ọ̀nà àbáyọ, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Ẹ má jẹ́ kí ó sọ fún yín irú ẹni tí ẹ jẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ bàbá ọlọ́pẹ náà ti já sí. Ọmọ ṣì ní iṣẹ́ náà láti ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. A kò lè purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ ìwé sí olórí ẹ̀ka wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń dúró de èsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a wọ ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá àti ọmọ, a gba ọ̀nà Ìgbòtakò. Ìyá àgbà jókòó sí ìloro. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti wà láti ọdún méjì. Ó fọwọ́ pa ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú, ó ní ó ti rù, ó sì ní kí wọ́n gbé pupuru wá.

Bàbá ló kọ́kọ́ bù ú, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Olúwa yóò máa ti àwọn ọmọ wa lẹ́yìn. Yóò sì fún àwọn olùkọ́ wọn ní ọkàn ìtẹ́lọ́rùn láti fi "A" fún ẹni tí ó tọ́ sí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.